Ẹ̀rọ Géèmù Tó Dúró De Àtàǹpàkò Bàbá Mayuko

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Àdúgbò Ẹ̀yìn Èbúté,
                                        Yaizu,
                                        Shizuoka.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2018.

Kazuyo, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ẹ kú òtútù o. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiyín ní Niigata, yìnyín á ti máa yọjú lórí òkè, nígbà tí àwa tí a wà létí òkun níbí ṣì ń sá aṣọ síta bí ẹni pé òtútù kò mọ ojúlé wa. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì láìjókòó sinmi lágbedeméjì? Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ológbò aládùúgbò ṣe ẹjọ́ ẹja? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Mo nírètí pé ara gbogbo yín le, ilé sì tòrò. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìjì tó jà láìpẹ́ yìí ṣí díẹ̀ nínú òrùlé wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá wa tún un ṣe.

Ìrẹsì tuntun tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ó dé gan-an ni mo se é, n kò fi nǹkan kan tì í ju ọbẹ̀ míṣò àti ẹja díẹ̀ lọ. Bàbá Mayuko jẹ abọ́ tirẹ̀ tán, ó tún na abọ́ náà sí mi. Ìwọ tí o mọ bí ọdún yìí ti rí nílé wa, o mọ̀ pé nítorí abọ́ kejì yẹn, ó yẹ kí n wọkọ̀ wá kúnlẹ̀ kí ọ ni. Gba ọpẹ́ mi báyìí ná.

Lẹ́tà rẹ pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí n tó ṣí i pàápàá ni inú mi ti dùn, nítorí "Kinue" tí mo rí lójú àpòòwé rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kú, ìwọ nìkan ló kù láyé tó ń pè mí lórúkọ yẹn. Ìyá Mayuko ni mo jẹ́ fún gbogbo àdúgbò, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tófù títí dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ìyá Mayuko náà ni mo jẹ́ fún ọkọ mi láti ọjọ́ tí a ti gbé Mayuko wálé láti ọsibítù, àfi bí ó bá ń kánjú, tí mà á wá di "Gbọ́ ná." N kò ráhùn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé gbogbo ènìyàn nìyẹn, ìwọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

O ní ọmọ-ọmọ rẹ mú ẹ̀rọ géèmù kan wá nígbà ọdún àwọn tó ti lọ, pé ó jẹ́ kí o bá òun ta irú èyí tí àwọn akọni inú rẹ̀ ń rìn káàkiri ayé, tí wọ́n ń pàdé àǹjọ̀nú, tí ìwọ á ta tìrẹ kí àǹjọ̀nú tó ta tirẹ̀. O ní nígbà tí ọmọ náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí Tokyo, ó dà bíi pé wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ. O wá fẹ́ ra tìrẹ, àkọ́kọ́ láyé rẹ, o kò mọ èyí tó yẹ kí o rà, ojú sì ń tì ọ́ láti béèrè ní ṣọ́ọ̀bù. O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Bàbá Mayuko, òun náà sì ní kí n kí ọ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́.

Mà á sọ èyí tí o máa rà fún ọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n ròyìn bí èmi náà ṣe ra tèmi, torí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kéré. Má sáré lọ ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà o. Mo mọ̀ ọ́ láti ilé ìwé, ìparí ìtàn lo máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Mo ti kọ̀wé sí ọ nígbà ìrúwé pé àrùn rọparọsẹ̀ fọwọ́ ba ọkọ mi. Ohun tí n kò kọ ni bí ó ṣe rí lẹ́yìn tí a kúrò ní ọsibítù. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ wúwo, ṣùgbọ́n ẹnu padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò fẹ́ gbọ́. O mọ irú ọwọ́ tí ọwọ́ yẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi yan ẹja ní ilé èéfín, a máa fi ìka lásán mọ ẹja tó ti gbẹ dénú àti èyí tó kàn ń fẹnu lásán gbẹ. Báyìí, ọwọ́ náà kò lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù. Obìnrin tó ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́ ní ọsibítù sọ fún wa pé àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí inú ẹni tó ni ín dùn sí. Ó fún wa ní ẹ̀wà pé kí ó máa fi igi ìjẹun ṣà á láti inú abọ́ kan sí èkejì. Bàbá Mayuko wo ẹ̀wà, ó wò mí, ó ní, "Ṣé adìẹ ni mí?" Ẹ̀wà yẹn la sè jẹ nígbẹ̀yìn.

Gbogbo ìyẹn kò bà mí lẹ́rù bíi ti ọ̀rọ̀ Okuyama. O rántí Okuyama, ọkùnrin gíga òdìkejì títì wa, tó ń pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, tí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ níbi ìgbéyàwó Mayuko. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni wọ́n ti máa ń ta ọpọ́n ṣógì nílé wa ní ọ̀sán Sátidé. Èébú ni wọ́n fi ń ta á ju ọwọ́ lọ. Okuyama á ti máa pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ìyá Mayuko, ẹ gbé tíì wá kíá, kí n tó pa ọkọ yín." Ọkọ mi náà á dáhùn pé ẹni tó ń gbé lẹ́tà olówó fún tálákà kò lè rí ọ̀nà lórí ọpọ́n.

Lẹ́yìn àìsàn yìí, Okuyama tún wá. Ọwọ́ ọkọ mi gbọ̀n, ó sì fi ìka gbá àwọn ọmọ ọpọ́n yòókù ṣubú. Okuyama rọra tò wọ́n padà. Ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ má kánjú." Ó ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, ó ń dúró, ó ń wo ìta ojú fèrèsé kí ó má baà dà bíi pé ó ń wo ọwọ́ náà. Nígbà tí ó lọ tán, ọkọ mi ní, "Okuyama kò bú mi lónìí." Sátidé kejì, bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n gbé ọpọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí n sì máa sọ fún Okuyama pé òun ń sùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé òkú nìkan ni ènìyàn kì í bú.

Láti ọjọ́ náà ló ti kọjú sí ọgbà, tó sì gbé ẹnu rẹ̀ pa mọ́. Bí ó bá fẹ́ tíì, àgbọ̀n ló fi ń júwe. Bí Mayuko bá pè láti Nagoya, á ní kí n sọ fún un pé ara òun ti yá. Oúnjẹ tí ọmọdé á jẹ tí kò ní yó, ìyẹn ló ń jẹ kù. Ẹ̀rù bà mí, Kazuyo. Mo wò ó pé ọkùnrin yìí ti ń di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé bí n kò bá wá nǹkan ṣe, ó máa lọ mọ́ mi lójú níbi tó jókòó sí.

Mayuko ló mú ọ̀rọ̀ géèmù wá, lórí fóònù. Mo ní, "Géèmù kẹ̀? Kí bàbá rẹ máa yìnbọn?" Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi ná, Màmá. Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí mò ń sọ, ẹ̀yin á yan ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni ọ̀tá á tó ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá lọ wẹ̀, tí ẹ jẹun, tí ẹ padà dé, ọ̀tá yẹn á ṣì dúró síbi tí ẹ fi í sí." Mo ní irú ọ̀tá tó ní ẹ̀kọ́ ilé báyẹn, ó wù mí kí n pàdé rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá ẹ̀bá ibùdókọ̀ ojú irin ni mo kọ́kọ́ lọ. Èyí tuntun tí gbogbo ayé ń rà ni wọ́n gbé fún mi. Ó dára, n kò lè purọ́. Àwọ̀ inú rẹ̀ ń tàn bí ọjà alẹ́ ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fẹ́ kí o na gbọọrọ láti gbé e, ó sì wúwo ju bí ojú ti rí i lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tà á ń sáré sọ̀rọ̀, mò ń fi orí dá a lóhùn, ọkàn mi sì wà lára ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi sílẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé yóò já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kò sì ní fọwọ́ kan án mọ́ láéláé. Mo dúpẹ́, mo tẹrí ba. Ojú tì mí láti jáde lọ́wọ́ òfìfo, mo bá ra bátìrì aago ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ aago náà ń ṣiṣẹ́.

Mo wá gba ọjà onípáànù lọ, sí ṣọ́ọ̀bù tókùnbọ̀ kan tí mo ti máa ń kọjá níwájú rẹ̀. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n to àwọn ẹ̀rọ náà sí bí ẹní to wúrà. Mo rí kékeré kan, aláwọ̀ eérú, ó fúyẹ́, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi. Mo ní irú ẹ̀ nìyí. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fi géèmù kan sí i tó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fẹ́ràn. Kazuyo, mo rìn dé ilé bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn.

Àṣìṣe tí mo ṣe, àwa tí à ń fi lẹ́tà oríṣiríṣi kọ̀wé nìkan láyé la lè ṣe é. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni, agbára rẹ̀ kò gbé lẹ́tà àgbà, èyí tí ẹyọ kan rẹ̀ ń dúró fún odidi ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pátá, lẹ́tà ọmọdé ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa kí a tó wọ ilé ìwé. O mọ bó ṣe máa ń rí. Ojú tó ti mọ́ra láti gbé odidi ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan á wá máa ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àfi kí o kà á síta kí o tó mọ ohun tó wí. Ọkọ mi gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, torí kò ní iná nínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á síta, díẹ̀díẹ̀, ní ẹyọ-ẹyọ. Mo gbọ́ ohùn yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Bí ó ti ń kàwé ní ọsibítù nìyẹn, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wúwo, tí wọ́n ń na káàdì lẹ́tà ọmọdé sí i lójú, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Mayuko. Ìwọ náà?"

Kò jẹun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí ó máa dún, mo sunkún.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtí. Mo gbé àpò wa jáde láàárọ̀, mo sì bá Okuyama níbi tí a ń kó o sí, torí ó kàn án láti tọ́jú àwọ̀n tí a fi ń dènà kannakánná. Ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì lè wò mí lójú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ òkú tí wọn kì í bú. Ó dúró pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa sí i ni." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè irú ẹ̀rọ tí mo rà, mo sì júwe rẹ̀.

Ó ní, "Háà, Ìyá Mayuko. Ẹ̀rọ tí ẹ rà yẹn dàgbà ju ọkọ ọmọ yín lọ."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fa nǹkan kan yọ nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù ni, tirẹ̀, èyí tó ń ṣí tó ń pa dé bí àpótí oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni òun ti máa ń ta á, òun kò sì jẹ́ kí Bàbá Mayuko mọ̀, torí yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kò ní tán títí wọ́n á fi sin òun. Ó gbé e kalẹ̀ sórí ògiri kúkúrú ibẹ̀ láti fi hàn mí pé kò dìgbà tí a bá gbé e lọ́wọ́. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, iná wà nínú wọn, lẹ́tà àgbà ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Níbi tí lẹ́tà bá le, ó fi ti ọmọdé tín-ín-rín sórí rẹ̀, bíi ti ìwé ìròyìn gẹ́lẹ́.

"Oríṣi méjì ló wà," ó ní. "Ẹ ra èyí tó fẹ̀. Ti kékeré yẹn, èèrà ni lẹ́tà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé tirẹ̀ ni o. Ẹ ní tiyín ni. Ẹ jókòó níwájú rẹ̀, kí ẹ sì máa ta á burúkú."

"N kò mọ̀ ọ́n ta tẹ́lẹ̀."

"Ó parí. Ọkọ yín lè fara da àìsàn. Kò lè fara da ẹni tó ń ta nǹkan burúkú níwájú rẹ̀."

A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tókùnbọ̀ náà. Obìnrin yẹn gba aláwọ̀ eérú padà láìjanpata. Lọ́tẹ̀ yìí n kò kánjú. Mo bọ́ áńkáṣíìfù mi, mo fi wé àtàǹpàkò ọ̀tún mi títí tó fi le gbagidi bí igi, mo jókòó lórí àga tí wọ́n fún mi, mo sì ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá ń yọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, mo dá a padà. Èyí tó bá ń sá sẹ́yìn lórí tábìlì bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo dá a padà. Àwọn kan dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo òkè àjà. Okuyama ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ṣáá. Pupa bí wáìnì ni èyí tí mo mú níkẹyìn. Kì í ṣe àwọ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìyẹn bá irọ́ mi mu.

Mo jókòó sídìí tábìlì oníná tó ń mú ẹsẹ̀ móoru, mo da aṣọ rẹ̀ bo ẹsẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ mi. Ọkọ mi ń wo ọgbà. Mo ti pinnu láti ta á burúkú, kò sì gba akitiyan kankan. Àwọn ènìyàn mi bọ́ sọ́wọ́ àǹjọ̀nú mẹ́ta kí wọ́n tó jáde ní ìlú. Mo ń lu èyí tó tóbi jù, bí mo sì ti ń lù ú ni ara rẹ̀ ń yá sí i. Mo rí i tí ọrùn ọkọ mi ń yí díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí o fi ń lu ìyẹn?"

"Òun ló tóbi jù."

"Èyí tó wà lẹ́yìn ló ń wò ó sàn. Pa ìyẹn ná."

"Èwo?"

"Èyí tó wọ fìlà. Fìlà. Ta lo ń lù yẹn? Gbé e wá."

Bó ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Àtàǹpàkò rẹ̀ gbọ̀n, ó tẹ èyí tí kò fẹ́, ó padà, ó tún wá a. Àǹjọ̀nú onífìlà ń jó lójú kan, ó ń retí rẹ̀. Mo di iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mi mú, n kò gbójú sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ níkẹyìn. Àǹjọ̀nú náà gba tirẹ̀, ó sì yíjú padà, ó gbá akọni rẹ̀ lulẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó wá sọ ohun tí n kò ní gbàgbé. Ó ní, "Ẹ̀dá yìí mọ ìwà hù. Ó dúró dè mí, kò káàánú mi. Nígbà tó kàn án, ó gbá mi bó ṣe yẹ."

Ọjọ́ kejì, ó ní mo ti ba ayé àwọn ènìyàn inú ẹ̀rọ náà jẹ́ kọjá àtúnṣe, òun máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ a máa béèrè orúkọ tí o fẹ́ sọ àwọn akọni mẹ́rin tó máa jọ rìn. Èmi ti gba èyí tí ẹ̀rọ náà fi sílẹ̀. Òun jókòó ti iṣẹ́ orúkọ yẹn láti ìgbà tí mo palẹ̀ abọ́ ọ̀sán mọ́ títí mo fi lọ ra tófù tí mo sì dé. N kò yọjú wò ó.

Mo ránṣẹ́ sí Okuyama. Ó dé ní Sátidé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkíni ọlọ́wọ̀ rẹ̀. Láti inú ilé ni ọkọ mi ti pè é pé, "Wọlé, olè." Ó yí ojú ẹ̀rọ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn akọni mẹ́rin náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa jí nǹkan lápò àǹjọ̀nú, Okuyama ló ń jẹ́.

Okuyama tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Èmi ni olè? Ìwọ tí àtàǹpàkò rẹ ń rìn bí ìgbín tó ń ti òkú bọ̀?"

Tíì dúró lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró, ó sì ní kí n gbé ọpọ́n wá. Láti ìgbà náà, ní Sátidé, ọmọ ọpọ́n ṣì ń ṣubú, Okuyama sì máa ń bi í bóyá ó fẹ́ ta ṣógì ni tàbí ó fẹ́ gbálẹ̀. Ilé wa ti ń gbóná padà. Obìnrin ọsibítù náà wo ọwọ́ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó ní àtàǹpàkò ti ń gbọ́ràn, ó sì béèrè bí ẹ̀wà ti ń lọ. Ọkọ mi ní ẹ̀wà ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Nítorí náà, ní tìrẹ, tí ojú rẹ àti ihò abẹ́rẹ́ ti di ọ̀tá, ra èyí tó ń pa dé, èyí tó fẹ̀ nínú wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tuntun gùn ọ́ lẹ́sin. Dì í mú ní ṣọ́ọ̀bù fún ìwọ̀n ìgbà tí tíì fi ń tutù, kí o mọ̀ bóyá apá rẹ gbà á. Wo lẹ́tà inú rẹ̀ kí o tó gbé e kúrò níbẹ̀. Bí ojú bá ń tì ọ́, sọ pé ọmọ-ọmọ lo fẹ́ rà á fún, gbogbo àgbà tí mo rí níbẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, géèmù náà kò sì ní lọ níbì kankan. Nígbà tí ó bá sì béèrè orúkọ, má gba èyí tó bá fún ọ. Wá àwọn tí o fẹ́ kó bá ọ rìn.

Ìyẹn ló mú mi kan ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan ni, agogo ìlú ti kọ orin tó fi ń lé àwọn ọmọdé wọlé. Mò ń bó ọsàn nídìí tábìlì, ọkọ mi wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lódìkejì. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí.

"Kinue."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kazuyo, ìwọ ni mo rò pé o dé.

"Kinue, ó kàn ẹ́. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Kò gbójú sókè. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn akọni mẹ́rin wà lójú ẹ̀rọ, orúkọ wọn wà lábẹ́ wọn. Hideharu, ọkọ mi fúnra rẹ̀, ló di idà mú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mayuko ń ju iná. Okuyama ń wá àpò. Ẹnì kẹrin wọ aṣọ funfun, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń wo àwọn yòókù sàn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ Ìyá Mayuko síbẹ̀. Ó ní àyè lẹ́tà kò tó. Etí rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀rọ náà.

Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lókè bọ́tìnnì, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Àǹjọ̀nú ń dúró, òun náà ń dúró. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí Kinue wo Hideharu sàn." Ó tẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹja náà sílẹ̀ fún ológbò. Bá mi kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó kó ọ sínú ọ̀ràn yìí. Okuyama ní kí n kí ọ, kí o tètè ra ẹ̀rọ, kí òun rí ẹlòmíràn bú. Bàbá Mayuko kí ọ fún ìrẹsì. Fi aṣọ tó nípọn bo orúnkún rẹ.

Orúkọ tí mo fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí, ìwọ nìkan kọ́ ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

                                        Èmi ni tìrẹ nígbà gbogbo,
                                        Kinue.